Sọ́séèjì àárọ̀ láti orí ẹran tútù: àkọsílẹ̀ ilé ìdáná mi ní Houston

Ẹni tó bá ti gbé gúúsù Amẹ́ríkà rí yóò ti mọ sọ́séèjì tí mò ń sọ. Kì í ṣe ti inú agolo tí a ń jẹ ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ti inú gala. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ni, tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀, ata àti ewé tí wọ́n ń pè ní sage, tí wọ́n ṣù ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n dín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí wọ́n sì gbé ka iwájú èèyàn pẹ̀lú ẹyin láàárọ̀. Èyí tí mò ń ṣe kò rí èéfín, kò sì rí oògùn ìpamọ́. Tútù ló wà títí tó fi dé inú páànù.

Ilé ìtajà kún fún un níbí. Mo ń ṣe tèmi nítorí pé ṣúgà máa ń pọ̀ nínú ti ọjà ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, òórùn sage rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu. Òfin ìjọba àpapọ̀ tún gbà kí ọ̀rá kó ìdajì sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ tútù, ìyẹn 50 nínú 100. Mi ò fẹ́ kó ju nǹkan bí 30 lọ nínú oúnjẹ tí àwọn ọmọ mi ń jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kí ó fi èyí sọ́kàn kí ó tó ra ata kankan: òtútù àti iyọ̀ ló ń ṣe sọ́séèjì. Ewé àti ata lè yí padà bí ẹnu oníkálukú ṣe fẹ́. Bí ẹran bá gbóná lẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí tí iyọ̀ kò tó, ohun tó máa jáde nínú páànù ni ẹran lílọ̀ tó ń fọ́nká, kò sí bí òórùn rẹ̀ ṣe lè dára tó.

Ẹran

Èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń lò, èyí tí àwọn alápatà ibí ń pè ní Boston butt. Òkè èjìká ni wọ́n ti ń gé e, ní apá tó sún mọ́ ọrùn. Ẹran àti ọ̀rá wọnú ara wọn dáadáa níbẹ̀, ó sì dùn ju ẹran ẹ̀yìn lọ. Ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ó gbẹ jù fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn tí mo yọ egungun kúrò, kìlò 2 ló kù lórí òṣùwọ̀n. Mo fi gíráàmù 250 ọ̀rá ẹ̀yìn kún un. Ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ará Mẹ́síkò ni mo ti ń rí ọ̀rá yìí rà. Àwọn ilé ìtajà ńlá kì í sábà pàtẹ rẹ̀. Ọ̀rá ẹ̀yìn ló yẹ, torí ó le, kì í sì í tètè yọ́. Ọ̀rá inú, èyí tó yí kíndìnrín ká, kò bá iṣẹ́ yìí mu. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ọ̀rá tó wà nínú èjìká àti èyí tí mo fi kún un kó nǹkan bí 30 nínú 100. Tó bá wálẹ̀ ju 20 lọ, sọ́séèjì á gbẹ lẹ́nu. Tó bá pọ̀ jù, pẹlẹbẹ á sún kì, á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró ara rẹ̀.

Alẹ́ Ẹtì: gígé àti iyọ̀

Mo gé gbogbo rẹ̀ sí ègé tó lè wọ ẹnu ẹ̀rọ láìtì í, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ níhà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti ń lo àkókò jù nìyí, torí iṣan. Iṣan funfun tó le, tó ń dán, gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á wé mọ́ abẹ tó wà nínú ẹ̀rọ, abẹ náà kò ní gé ẹran mọ́, ṣe ni á máa tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Mo tún ń wá àwọn kókó kéékèèké tó máa ń wà nínú ọ̀rá ọrùn, mo sì ń gé wọn dànù. Ẹni tó ra ẹran lílọ̀ nínú ike kò lè mọ̀ bóyá wọ́n yọ wọ́n tàbí wọn ò yọ wọ́n.

Fún kìlò 2 àti gíráàmù 250 yẹn, ohun tí mo wọ̀n nìyí: iyọ̀ gíráàmù 36, ata dúdú tí mo lọ̀ kò kúnná gíráàmù 9, sage gbígbẹ gíráàmù 7, ata pupa gbígbẹ tí mo gún wóóró gíráàmù 4, taimù gbígbẹ 3, atalẹ̀ lílọ̀ 2, ehuru tí mo yan tí mo sì lọ̀ 1, ṣúgà pupa 18. Mo fi ehuru rọ́pò nutmeg tí àwọn ará ibí ń lò, òórùn rẹ̀ sì bá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mu débi pé mi ò padà sí tiwọn mọ́.

Iyọ̀ ni kí ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n, ẹ jọ̀ọ́. Ṣíbí kan iyọ̀ kíkúnná wúwo ju ṣíbí kan iyọ̀ oníhóró lọ dáadáa, torí náà “ṣíbí méjì” tí ẹnìkan kọ lè jẹ́ ohun mìíràn nínú ilé tiyín. Gíráàmù 36 nínú kìlò 2.25 jẹ́ 1.6 nínú 100. Láàárín 1.5 sí 2 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́séèjì tútù máa ń wà. Ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú ìdílé wa, mi ò sì ní gbà kó bọ́ sísàlẹ̀ 1.5, ìdí rẹ̀ á hàn níwájú.

Mo da gbogbo èròjà lé ẹran, mo fi ọwọ́ yí i títí gbogbo ègé fi gbà, mo bò ó, ó di inú fíríìjì mọ́jú. Iyọ̀ nílò àkókò láti wọ ara ẹran. Àwọ̀ ẹran á ṣókùnkùn díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹn kò burú.

Ìdájí Sátidé: òtútù

Ooru Houston kì í ṣeré, nítorí náà kí oòrùn tó yọ ni mo ti ń lọ ẹran. Mo tẹ́ ègé ẹran sórí tíréè ní ìpele kan ṣoṣo, mo gbé e sínú fírísà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Etí ẹran gbọ́dọ̀ le, kí àárín rẹ̀ ṣì gba ìka. Gbogbo ara ẹ̀rọ tó máa kan ẹran náà wọ fírísà: abẹ, irin oníhò, irin lílọ́ tó ń ti ẹran síwájú, àti ọpọ́n tí ẹran máa bọ́ sí.

Ohun méjì ni òtútù ń ṣe níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kòkòrò àìrí tó ń ba ẹran jẹ́ máa ń pọ̀ kíákíá láàárín 4 °C sí 60 °C, bẹ́ẹ̀ ẹran tí a lọ̀ ti gba kòkòrò náà láàyè dé inú, kì í ṣe orí nìkan. Ìkejì, ọ̀rá tó tutù máa ń gé ní hóró hóró, ọ̀rá tó gbóná máa ń fara pa ẹran bí ìpara. Tí ẹ bá rí i tí ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ di àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú kan náà, tí ẹ ò mọ ìyàtọ̀ ẹran pupa sí ọ̀rá funfun mọ́, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà sí fírísà, kí ẹ yẹ abẹ wò bóyá iṣan ti wé mọ́ ọn.

Kí fíríìjì tó dé, ìgbà òtútù ni wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní gúúsù níbí. Wọ́n á dúró de ìgbà tí òtútù bá mú gidi, lẹ́yìn ìkórè, kí ẹran má baà rà kí iyọ̀ tó wọnú itan rẹ̀. Àwọn ègé tó já kúrò lára itan àti èjìká ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n lọ̀, tí wọ́n á fi iyọ̀, sage àti ata pupa sí, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú ìfun tàbí àpò aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Lórí àwọn oko ńláńlá, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà: pípa, gígé, fífi iyọ̀ pa á, fífín in léèéfín. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá dúró ti pátákó ìgéran. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn wà nínú oúnjẹ tí gbogbo ilé ìjẹun ń tà lónìí, a kì í sì í gbọ́ orúkọ wọn. Orúkọ tí a ń gbọ́ ni ti àwọn tó gbé e wọ ilé ìtajà lẹ́yìn náà. Bob Evans bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní 1948, torí ilé ìjẹun kékeré tó ní. Jimmy Dean, olórin ọmọ Plainview, ní Texas wa níbí, dá ilé-iṣẹ́ ẹran sílẹ̀ pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ ní 1969.

Lílọ̀

Irin oníhò tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 10 ni mo kọ́kọ́ lò, mo sì tún un lọ̀ pẹ̀lú èyí tó jẹ́ mílímítà 5. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹran hàn lẹ́nu, ẹ lè dúró sí àkọ́kọ́ nìkan. Ojú abẹ tó tẹ́jú ló gbọ́dọ̀ fara ti irin oníhò náà. Bí wọ́n bá fi í sẹ́yìn, ẹ̀rọ á máa ké, ẹran á sì máa jáde bí ẹ̀kọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ẹ̀rọ náà ni kò dára.

Ẹran wọ ẹnu ẹ̀rọ ní 0 °C, ó jáde ní 3. Mo tún gbé e sí fírísà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jáde ní 4. Tẹmómítà kékeré tí a ń tì bọ inú ẹran ni mo fi ń wò ó. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo rà fún iṣẹ́ yìí, òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni mi ò lè ṣe aláìní.

Pípò

Mo da ìdajì ife omi yìnyín sí i, nǹkan bíi mílílítà 100, mo sì fi ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun pò ó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ pò ó; òtútù á mú un lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí iyọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 1.5 rèé. Nínú ẹran ni èròjà amúaradàgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní myosin. Omi lásán kò lè yọ ọ́ jáde dáadáa, iyọ̀ ló ń ṣe é. Bí a ṣe ń pò ó, myosin yìí á jáde, á bo àwọn hóró ẹran àti ọ̀rá, á sì di bí àtè láàárín wọn. Tí iná bá kàn án, á le, á sì di omi àti ọ̀rá mú sínú. Òun ló mú kí sọ́séèjì dì mọ́ra lẹ́nu, òun náà ni bọ́gà kò ní, torí wọn kì í fi iyọ̀ pò ó tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó: ẹ mú díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì dojú ọwọ́ délẹ̀. Tí kò bá já bọ́, ó ti tó. Tó bá já bọ́, ẹ pò ó díẹ̀ sí i. Tí ẹ bá sì pò ó kọjá bẹ́ẹ̀, á le bíi rọ́bà, pàápàá tí ẹ bá ti lọ̀ ọ́ kúnná. Ní òpin pípò, tẹmómítà dúró sí 5, mo sì gbé e padà sí fíríìjì lójú ẹsẹ̀.

Kí n tó ṣu ẹyọ kan, mo dín bíńtín, mo sì tọ́ ọ wò. Ẹ má fi ẹran tútù kan ahọ́n láti tọ́ iyọ̀ wò. Nígbà tó tutù díẹ̀ ni mo tọ́ ọ. Ìyàwó mi ní ata kò tó, bí wọ́n ṣe máa ń wí, mo sì fi gíráàmù 2 ata gbígbẹ kún un.

Ṣíṣù

Gíráàmù 60 ni pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì fẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ kó rí nínú búrẹ́dì lọ díẹ̀, torí á sún kì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọlé kó má baà wú. Tí ọwọ́ bá há, ẹ yí ẹran náà ní gbọọrọ sínú bébà ìyan, ẹ lọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e sí fíríìjì kó le, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

Mo ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún èyí tó wà nínú ìfun, torí ọmọ mi àgbà fẹ́ràn rẹ̀. Ìfun àgùntàn ni, èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 22 sí 24. Inú iyọ̀ ni wọ́n ń kó o sí tà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ààbọ̀ wákàtí, mo sì jẹ́ kí omi ẹ̀rọ gba inú rẹ̀ kọjá kí n lè rí ibi tó bá ti ya. Tí ẹ bá ti rọ ọ́ tán, ẹ lọ́ àkọ́kọ́ síwájú, ẹ lọ́ èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kí wọ́n má baà tú. Ẹnu ẹ̀rọ ìlọran ni mo fi rọ ọ́, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀: irin náà tún ń rin ẹran bó ṣe ń kọjá, ó sì ń gbóná. Pẹlẹbẹ sàn jù fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Dídín

Páànù onírin tó wúwo, iná tí kò pọ̀, kò sí òróró. Mo to pẹlẹbẹ sínú páànù kó tó gbóná pátápátá, kí ọ̀rá lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ á jó tí iná bá pọ̀. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 71 °C, ìyẹn 160 °F tí ìjọba ibí là kalẹ̀ fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀. Ẹ má fi àwọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ẹran lílọ̀ lè ti fúnfun kó tó jinná, ó sì lè jinná kó ṣì pọ́n díẹ̀.

Ọ̀rá tó kù nínú páànù, àwọn ará gúúsù máa ń da ìyẹ̀fun sí i, wọ́n á rò ó, wọ́n á da mílíìkì sí i, á di ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń dà lé bísíkíìtì rírọ̀ wọn. A máa ń ṣe é nílé wa nígbà mìíràn. Ní Sátidé yìí, iṣu dídín àti ẹyin ni a fi jẹ ẹ́.

Àwọn tó kù, mo fi bébà sáàárín wọn, mo sì tò wọ́n sínú àpò oníke, ó di fírísà. Inú fíríìjì lásán, ọjọ́ kan sí méjì péré ni kó lò ní tútù. Nínú fírísà, kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan sí méjì, adùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ti Màmá

Ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti ṣe Hájì, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa wo ẹnu wa láàárọ̀. Nítorí náà mo ṣe ti tòlótòló fún wọn lọ́tọ̀. Mo ra ẹ̀rọ ìlọran tí a ń fi ọwọ́ yí, pátákó àti ọpọ́n mìíràn, tí ẹlẹ́dẹ̀ kò kàn rí tí kò sì ní kàn láé. Wọ́n lè ní kí n kàn fọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò ní balẹ̀, ìbàlẹ̀ ọkàn wọn sì ni mo ń ṣe é fún.

Itan tòlótòló ni mo rà lọ́dọ̀ alápatà hàlááàlì, pẹ̀lú awọ rẹ̀, torí inú awọ ni ọ̀rá wà. Àyà tòlótòló kò dára fún èyí, ó gbẹ. Iyọ̀ dúró sí 1.6 bíi ti àtẹ̀yìnwá. Omi yìnyín ni mo fi kún díẹ̀, kó lè rọ̀ lẹ́nu. Nípa èròjà, mo yọ sage kúrò, mo fi efinrin gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, mo sì fi ìyèré sípò ata dúdú. Mọ̀lẹ́bí ni ìyèré àti ata dúdú, ṣùgbọ́n ìyèré le jù ú lọ: ìdajì ìwọ̀n ata dúdú ti tó. Òórùn efinrin sún mọ́ taimù ju sage lọ, nítorí náà mo yọ taimù náà kúrò kí wọ́n má baà jọ máa jà. Mi ò fi í sínú ìfun, torí ọ̀pọ̀ ìfun tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní ẹ̀rí hàlááàlì. Pẹlẹbẹ nìkan ni. Ti ẹyẹ sì gbọ́dọ̀ jinná ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ: 74 °C, ìyẹn 165 °F.

Ó dáa gan-an. Kò jọ sọ́séèjì Texas mọ́; ó ti di oúnjẹ tirẹ̀, mo sì rò pé Màmá á fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná. Mo kọ “TÒLÓTÒLÓ” gàdàgbà sára ike rẹ̀, ó wà ní pẹpẹ òkè nínú fírísà, ti ẹlẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹ̀rọ ìrọ-ìfun tó dá dúró, èyí tó ń fi ọwọ́ ti ẹran jáde láìsí pé ó ń rin ín. Mo ti ń wo owó rẹ̀. Tí mo bá rà á, máa fi tẹmómítà wọn ẹran bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, máa sì kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí.